Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Ra Táyà

Kẹ̀kẹ́ onírin tí wọ́n ṣe láti máa sáré lójú títì láyé ọdún 1970, irú Raleigh tí ọwọ́ rẹ̀ ká bí ìwo àgbò, kì í tètè kú. Ríìmù rẹ̀ á ti dípẹtà, ara rẹ̀ á ṣì le koko. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ra irú rẹ̀ ní tòkunbọ̀ fi máa ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí bí òjò bá ti pa ríìmù irin, bíréèkì kì í mú un dáadáa mọ́.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ẹsẹ̀ oní-íǹṣì 27 tó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ mìlímítà 630 níbi tí táyà jókòó sí. 700C tó wọ́pọ̀ lónìí jẹ́ 622. Ẹ pín ìyàtọ̀ náà sí méjì: ríìmù tuntun ti fi mìlímítà 4 sọ̀kalẹ̀ kúrò lábẹ́ bíréèkì. Bí rọ́bà bíréèkì kò bá tẹ̀ lé e, táyà ni yóò máa há mọ́. Á máa rẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí táyà á fi bẹ́, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti àárín ihò bóòtù bíréèkì dé àárín ibi tí rọ́bà yóò ti máa há ríìmù tuntun mọ́. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ ìdíje òde òní kì í sábà kọjá mìlímítà 39 sí 49. Òmíràn wà tó jẹ́ 47 sí 57. Bí tiyín bá jẹ́ 60, ẹ wá elápá gígùn bíi Tektro R559, tó ń dé 55 sí 73. Àwọn kan a máa fi fáìlì gbẹ́ ojú ihò apá bíréèkì kí rọ́bà lè sọ̀kalẹ̀ sí i. Èmi ò ní gun irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ọgbà.

Ní ti táyà, nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í sọ gbogbo òótọ́: mìlímítà 28 lè wú di 30 lórí ríìmù tó fẹ̀. Ẹ fẹ́ ẹ kó le, kí ẹ wá yẹ abẹ́ bíréèkì wò, àti àárín fọ́ọ̀kì, àti àárín irin méjèèjì tó wà lẹ́yìn pẹ́dà. Sípánà onígun mẹ́fà ti mìlímítà 4 gbọ́dọ̀ kọjá níbẹ̀ láìfara kan ohunkóhun, torí òkúta wẹ́wẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ táyà náà fẹ́ ààyè.

Kí ẹ tó sanwó bíréèkì, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá nọ́ọ̀tì rẹ̀ ń jókòó síta ni, àbí ó ń wọnú ihò. Èyí tó ń wọnú ihò kò ní wọ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ láìjẹ́ pé wọ́n lu ihò rẹ̀ fẹ̀ sí i.