Ta Ló Rán Bíríkìlà sí Ààrò Ìyá Wa?

Bí ọmọ tó ń gbé Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù bá fi owó ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó pé kí wọ́n bá òun tún ilé baba òun ṣe, ọ̀nà kan náà ni iṣẹ́ ọ̀hún sábà máa ń gbà. Wọn yóò pààrọ̀ páànù, wọn yóò tẹ́ táìlì sí yàrá, wọn yóò sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bíríkìlà ti hú ààrò tí ìyá àgbà fi bọ́ ìran mẹ́ta, ó ti kó o dà sínú kòtò pẹ̀lú àfọ́kù bíríkì. Wọn yóò ní ọ̀làjú ló dé. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ òtítọ́ tó wà lẹ́nu wọn. Èéfín kì í ṣe ọ̀rẹ́ ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé, tí ìdáná ń fà jù lọ, pa ènìyàn tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló sì ń fa á símú jù. Ẹni tó bá ní kí ìyá òun máa fẹ́ná títí ojú rẹ̀ yóò fi fọ́ nítorí àṣà, ìkà ló ń ṣe. Ẹ ra gáàsì fún ìyá. Irin ni sítóòfù. Ògún tí Oǹdó ń bọ lọ́dọọdún kò bá irin jà.

Ṣùgbọ́n igi ìdáná ni gáàsì rọ́pò, kì í ṣe ààrò. Òkúta kì í rú èéfín, amọ̀ kì í rú èéfín. Igi ló ń rú u. Kí ló dé tí a fi ń dájọ́ ẹ̀ṣẹ̀ igi fún òkúta?

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹni tó bá mọ ohun tí ẹ̀ta jẹ́ nílédì Ògbóni mọ ìdí tí kò fi jẹ́ méjì. Nínú ilé olórogún, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ní ààrò tirẹ̀; níbẹ̀ ni a ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ilé nínú ilé. Ẹ wá wo ohun tí àtúnṣe yìí ń ṣe. Ibojì baba wà nínú ilé, wọ́n fi táìlì dáradára bò ó, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Ààrò nìkan ni àmì tí ìyá fi sílẹ̀, òun náà ni wọ́n sì hú. Wọ́n sì ń ṣe èyí ní Oǹdó, níbi tí ìtàn ti sọ pé obìnrin, Púpùpú, ni Ọṣẹ́mààwé àkọ́kọ́, níbi tí Lóbùn, ọba obìnrin, sì ti ní ipò tirẹ̀ nínú ìfọbajẹ.

Iṣẹ́ ṣì wà fún ààrò pẹ̀lú. Ìpínlẹ̀ kòkó ni ìpínlẹ̀ wa. Eérú èèpo kòkó ni a fi ń se ọṣẹ dúdú. Ta ni yóò gbé ìkòkò ọṣẹ tàbí ìkòkò àsè ọdún ka orí sítóòfù olójú méjì?

Ìlú Òyìnbó tí wọ́n ń wò kọ́ṣe ńkọ́? Ní England, bí ilé kan bá wà lára àwọn ilé àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò, ẹni tó bá yọ ibi ìdáná inú rẹ̀ láìgba àṣẹ lè di arúfin, kódà bí iná kò bá jó níbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Nàìjíríà náà ní òfin ohun ìrántí ti ọdún 1979, ààfin àtijọ́ Déjì sì wà lára ohun tí orílẹ̀-èdè kà sí ohun ìrántí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ti Àbújá wá láti kéde ààrò ìyá yín. Ẹ̀yin ni òfin rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé dígà, kí a pe àwọn ọmọ obìnrin ilé náà jọ, kí a bi wọ́n, kí a sì dá Ifá. Bí ilé ìdáná bá gbọ́dọ̀ wó, kí a gbé òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí a tún wọn tò sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ òrùlé tí kò ní ògiri, kí èéfín rí ọ̀nà lọ. Bí ó bá jẹ́ amọ̀ ni, kí a tún un mọ síbẹ̀ kí ilé àtijọ́ tó wó. Ìwọ tí ò ń fi owó ránṣẹ́, kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ìwọ àti agbaṣẹ́ṣe kí o tó san kọ́bọ̀.

Táìlì wà lọ́jà lójoojúmọ́. Òkúta tí ìyá yín fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò kò sí ní ọjà Àkúrẹ́, kò sì sí ní ti Oǹdó.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà.