Orúkọ Tí Ó Yẹ Gáàsì Alátọ́ọ̀mù-Méjì

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn bóyá kí a yá ọ̀rọ̀-ìperí sáyẹ́ǹsì lò ni tàbí kí a ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí ó ṣe pàtàkì ju èyí lọ: ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ tí a yàn ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nínú ìṣirò tí ó wà níwájú rẹ̀?

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àgọ́-Àrẹ wá ìwọ̀n móòlù kan gáàsì náítrójìn, ó rọrùn kí ó wo àtẹ, kí ó rí 14.01, kí ó sì fi gíráàmù 14.01 dáhùn. Gíráàmù 28.02 ni ìdáhùn tí ó tọ́, nítorí pé átọ́ọ̀mù náítrójìn méjì ni ó so pọ̀ di ẹyọ gáàsì kan. Èdè Gíríìkì ni wọ́n fi pe méjì nínú ọ̀rọ̀ diatomic. Etí ọmọ Òkè-Ògùn kò lè gbọ́ ọ níbẹ̀.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti òpè nìkan. John Dalton pàápàá kò gbà pé átọ́ọ̀mù irú kan náà méjì lè so pọ̀. Avogadro sọ ọ́ ní 1811, ṣùgbọ́n ìgbà tí Cannizzaro là á yé àwọn onímọ̀ ní Karlsruhe ní 1860 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ní ti móòlù, kí a yá a lò kò burú. Àgbẹ̀ a máa ka ebè ní igba igba. Àwọn baba ńlá wa sì ka owó ẹyọ dé ọ̀kẹ́, èyí tí í ṣe 20,000. Iye ni móòlù náà, 6.022 × 10²³. Ọ̀kẹ́ ti ní iye tirẹ̀, kò ṣeé fi rọ́pò móòlù, ṣùgbọ́n òun ni olùkọ́ lè fi là á yé ọmọ.

Ẹlòmíràn lè dábàá gáàsì ìbejì. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì bá ọ́ksíjìn mu: 16.00 lọ́nà méjì jẹ́ 32.00. Ó bá háídrójìn mu pẹ̀lú: 1.008 lọ́nà méjì jẹ́ 2.016. Kábọ̀nù mọnọ́ksáìdì, gáàsì olóró tí ń ti inú èéfín jẹnẹrétọ̀ jáde, ni ó tú àṣírí rẹ̀. Átọ́ọ̀mù méjì ni òun náà ní, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe irú kan náà: 12.01 àti 16.00, àròpọ̀ 28.01. Ẹni tí ó bá ń fi méjì sọ ohun gbogbo di púpọ̀ yóò ṣìnà níhìn-ín.

Nítorí náà, alátọ́ọ̀mù-méjì ni ó yẹ kí ó dúró fún gbogbo wọn, nítorí pé ó ń pàṣẹ kí a ka átọ́ọ̀mù, kí a sì ro ìwọ̀n wọn pọ̀. Kí a fi ìbejì sílẹ̀ fún àwọn tí átọ́ọ̀mù wọn jẹ́ irú kan náà.

Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé girama ni ìṣirò móòlù ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí iṣẹ́ náà kò dé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀-ìperí tí ó péye ti di ọ̀ranyàn.