Oyè, ire, olè: gbogbo ẹ̀ ló wà nínú díṣọ́nárì òyìnbó

Ká ní tíṣà-fẹ̀yìntì kan àti ọmọkùnrin mẹkáníìkì kan jókòó nírọ̀lẹ́ Sátidé ní Ìgbẹ́tì, lábẹ́ Òkè Ìyámọ̀pó, tí bọ́ọ̀dù Scrabble wà láàárín wọn. Lẹ́tà méje ló wà níwájú mẹkáníìkì: O méjì, E méjì, A, I àti Y. Ó wò ó títí, ó wá to OYE sílẹ̀.

"Oyè wo nìyẹn?" ni Bàbá bi í. "Ìwọ ọmọ yìí, Gẹ̀ẹ́sì la ń ta níbí, a ò ta Yorùbá o."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ ṣí díṣọ́nárì wò, sà."

Bàbá á ṣí i, ojú á sì tì í díẹ̀, nítorí ó wà níbẹ̀. Ọmọ-ọmọ ni àwọn ará Scotland ń pè bẹ́ẹ̀. Máàkì mẹ́fà nìyẹn, Y nìkan mú mẹ́rin wá. Ká ní kò sí níbẹ̀ ni, ọmọ náà ì bá kó lẹ́tà rẹ̀ pa dà, ipò rẹ̀ ì bá sì ti kọjá lọ.

Ẹni tó bá ń ta ayò yìí mọ̀ pé fáwẹ́lì ló máa ń pa èèyàn. Nínú 100 lẹ́tà tó wà nínú àpò, 42 ni fáwẹ́lì. Kóńsónáǹtì lẹnu òyìnbó fẹ́ràn, bí A, E, I, O bá wá kún ọwọ́ wọn, òógùn á bọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá wọn fi ń há EUOI sórí, ìyẹn ariwo tí àwọn tó ń bọ òrìṣà ọtí ń pa láyé ọjọ́un, àti AALII, igi kan ní Hawaii. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá, inú fáwẹ́lì la bí i sí. Ojú rẹ̀ ti mọ AYE, EYE, OPE, ERE kó tó mọ ABC.

Ìtumọ̀ ló ń ta kókó. IRE tí à ń tọrọ láràárọ̀, ìbínú ni lọ́dọ̀ wọn! OLE, ariwo ìyìn ni lẹ́nu àwọn ará Spain. Ẹ má dán an wò lọ́jà Ìgbẹ́tì o. OBI, ọ̀já tí àwọn ará Japan ń dì mọ́ ìbàdí ni. OKA, ìwọ̀n àtijọ́ àwọn ará Turkey ni, kò sí ọbẹ̀ níbẹ̀. OBA ni kò yí pa dà, ọba ilẹ̀ wa náà ni. NAIRA àti KOBO náà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá to OWO tàbí AJA ti pàdánù nìyẹn.

Ṣé dandan ni kéèyàn mọ ìtumọ̀ ni? Rárá. Nigel Richards, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, kò gbọ́ Faransé, síbẹ̀ ó há ọ̀rọ̀ inú díṣọ́nárì wọn sórí, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ Scrabble Faransé lọ́dún 2015. Ìtìjú "mi ò lọ yunifásítì" tó ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún bọ́ọ̀dù yìí, kò nídìí.

Ọdún 2015 yẹn kan náà, ní oṣù kọkànlá, Wellington Jighere tiwa lọ sí Perth ní Australia, ó fi àmì 4-0 na Lewis Mackay, ọmọ England, nínú ìdíje àgbáyé. Ní èdè baba Mackay! Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. FELTY, ìyẹn ohun tó jọ aṣọ tí wọ́n fi irun àgùntàn tẹ̀, fún un ní máàkì 36. Ẹ kíyè sí i pé lẹ́tà márùn-ún péré ni. Ẹni tó bá lo méjèèje lẹ́ẹ̀kan náà ń gba èlé 50, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ́ láti fi ọ̀rọ̀ kúkúrú gba máàkì, kí wọ́n sì pa lẹ́tà tó dára mọ́ de ìgbà tó bá yá.

Ní Ìgbẹ́tì, Bàbá ti pa díṣọ́nárì dé. Q wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí U, I kan ló wà níbẹ̀. QI, agbára ẹ̀mí lọ́dọ̀ àwọn ará China, máàkì 11. Mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n, ó ń wo òkè.

"Bàbá, ó kàn yín o, sà."