Owó referral yẹn, ẹ dá a padà

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ó sì máa dun àwọn kan. Ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ẹni tó bá fẹ́ unfollow mi, ọ̀nà ṣí sílẹ̀.

Láti 2020 ni mo ti wà nídìí crypto. Iṣẹ́ ni mo pè é, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ àwọn kan wà láàárín wa tí wọn ò ta nǹkan kan rí, èèyàn ni wọ́n ń tà. Wọ́n kọ "entrepreneur" sí bio wọn, wọ́n gbé laptop sẹ́gbẹ̀ẹ́ swimming pool, wọ́n ya fọ́tò. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Àwọn yẹn ni mo ń bá wí lónìí. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, torí pé odidi oṣù mẹ́rin lèmi náà fi wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dáa ná.

ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ ní March 2020, corona tún dé, gbogbo wa wà nílé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà ló kọ́ mi ní P2P. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, bó ṣe ń lọ nìyí: ẹnì kan ní USDT, ẹnì kejì ní náírà. Ẹni tó fẹ́ tà á gbé coin ẹ̀ kalẹ̀, app á tì í pa kó má bàa sá lọ. Ẹni tó fẹ́ rà á á san náírà sí account báǹkì. Tí alert bá wọlé, ẹni tó ń tà á tú coin sílẹ̀. Ó parí.

Èrè ibẹ̀ ò ju náírà mélòó kan lọ lórí dọ́là kan. Tó o bá máa jẹun níbẹ̀, wàá ṣe é léraléra látàárọ̀ títí dòru, ojú ẹ sì gbọ́dọ̀ là. Alert ayédèrú wà. Owó olè náà wà: ẹnì kan á fi account ẹlòmíì sanwó fún ẹ, ẹjọ́ á délẹ̀, wọ́n á tọpa owó náà dọ́dọ̀ ẹ, báǹkì á ti account ẹ pa. Wọ́n ti tèmi pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rí. Indomie ni mò ń jẹ nígbà yẹn, mo tún ń yá owó Indomie.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì 2021, CBN kọ̀wé sáwọn báǹkì pé kí wọ́n wá àwọn tó ń ṣe crypto jáde, kí wọ́n ti account wọn. Ẹ rántí pé kò tíì ju oṣù mélòó kan lọ lẹ́yìn EndSARS, nígbà tí ọ̀nà báǹkì dí mọ́ Feminist Coalition, tó jẹ́ pé Bitcoin ni wọ́n padà fi ń gba ọrẹ. Inú P2P ni gbogbo wa sá wọ̀. December 2023 ni CBN tó yí ohùn padà. Kó tó dìgbà yẹn, ọmọ Yahoo ni wọ́n ń pè wá ládùúgbò. Mo gbé e mì.

Mo gbé e mì torí pé mo mọ ẹni tí mò ń ṣiṣẹ́ fún. Ọmọbìnrin kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa ń ya logo fún oníbàárà ní Jámánì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni PayPal fi jẹ́ kí ará Nàìjíríà máa fowó ránṣẹ́ síta, tí kò jẹ́ kí wọ́n gbà á wọlé. Báwo ni kó ṣe gba owó iṣẹ́ ẹ̀? Oníbàárà á san USDT, á gbé e wá bá mi, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá náírà ti wà nínú account ẹ̀. Ó mọ ohun tí mo tà fún un. Èmi náà mọ iye tí mo jẹ lórí ẹ̀. Tí mi ò bá jí lọ́la, ó máa wá ẹlòmíì tó máa ṣe é fún un, torí pé ó nílò ẹ̀.

Ẹ wo Paystack náà. 2015 ni wọ́n dá a sílẹ̀, 2020 ni Stripe ará Amẹ́ríkà rà wọ́n. Kí ni wọ́n ń tà? Wọ́n ń bá ẹni tó ń ta bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gba owó lórí káàdì, wọ́n ń yọ 1.5% àti ₦100 níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè lóye ẹ̀. Ẹni tó bá ní exchange tó níwèé ń yọ tiẹ̀ lórí rírà àti títà. Ìyẹn náà yé èèyàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi tó ń rùn.

Ní 2024, app kan wọlé, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Wọ́n ní AI ló ń bá èèyàn tún coin rà, tó ń bá èèyàn tà á, 2% lójúmọ́, lójoojúmọ́, kò sí ọjọ́ àdánù. Tó o bá mú èèyàn wá, 10% owó tó kọ́kọ́ fi sílẹ̀ di tìẹ lójú ẹsẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ pé èrè P2P ò tó nǹkan, èmi tí mo ti rí bí coin ṣe ń já wálẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́, mo gbà á gbọ́. Àbí kí n sọ òótọ́: mi ò gbà á gbọ́, 10% yẹn ni mo gbà gbọ́.

Àǹtí mi kan wà, àbúrò màmá mi. Ọjà Gbági ni wọ́n ti ń ta aṣọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ, ₦450,000. Wọ́n fi mí jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní:

"Ọkọ mi, app tó o sọ fún Kẹ́mi yẹn, kí ni wọ́n ń tà?"

Mo ní, "Kì í ṣe ọjà báyẹn, mà. AI ló ń ra coin, òun náà ló ń tà á."

"Ta ló ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Gbogbo ayé ni, mà."

"Tí ọjà ò bá wá tà ńkọ́?"

Mo ní, "AI yẹn kì í pàdánù, mà."

Wọ́n wò mí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ta aṣọ, wọn ò tíì rí ọjà tí kì í kùtà. Wọ́n bi mí bóyá èmi náà fowó sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, mo ṣí fóònù, mo fi balance mi hàn wọ́n. Ohun tí mi ò sọ ni pé owó referral ló pọ̀ jù nínú iye tí wọ́n ń wò yẹn.

"Ó dáa, ìwọ lo mọ̀wé."

Mo ti jókòó nínú Space tó gba wákàtí mẹ́rin, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wà níbẹ̀, tí "founder" àti "analyst" ń sọ òyìnbó. Kò sẹ́nì kan tó béèrè ẹyọ kan nínú ìbéèrè mẹ́ta tí obìnrin yẹn bi mí lórí àpótí.

Ní oṣù kọkànlá, app náà ní kí oníkálukú tún san dọ́là 100 láti fìdí account ẹ̀ múlẹ̀ kó tó lè yọ owó. Àwọn kan san án. Lọ́jọ́ kẹta, kò ṣí mọ́.

Àǹtí mi ò pariwo. Wọ́n ní kí n má sọ fún màmá mi. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ mọ àjọ, ẹ mọ ohun tó kù: àwọn ti kó ṣáájú, oṣù méje ṣì kù tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá fún àwọn tó kù. Oṣooṣù ni wọ́n ń fi èrè aṣọ san owó tí wọn ò rí jẹ.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, torí pé èmi náà ti sọ ọ́.

Ẹ máa ní ìjọba ló fà á. Òótọ́ wà ńbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan lọ́wọ́ CBN. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó tọ́jú náírà sí báǹkì ń wò ó bó ṣe ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ rí ẹ̀rù yẹn tí ẹ wá sọ ọ́ di ọjà, ẹ má wá fi ìjọba bo ara yín. Kì í ṣe ìjọba ló fi link ránṣẹ́ sí WhatsApp àǹtí mi.

Ẹ máa ní àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n lójú. Ẹ máa ní ẹ ṣáà kọ DYOR sísàlẹ̀, kí oníkálukú ṣèwádìí tiẹ̀. Ìwádìí wo, jàre? Ìwọ gan-an ni ìwádìí wọn! Ìwọ ni ẹni tí wọ́n mọ̀ tó mọ̀ nípa ẹ̀. Wọ́n wá bi ẹ́, o dá wọn lóhùn, o sì gba owó lórí ìdáhùn yẹn láì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Alágbàtà ilé náà ń gba owó, àmọ́ ẹni tó ń mú lọ wo ilé mọ̀ pé ó ń gbà á.

Ìwádìí tó yẹ kí èmi fúnra mi ṣe ò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní August 2024, SEC fún àwọn bíi Quidax àti Busha níwèé. Ẹ lè ka orúkọ àwọn tó níwèé nígbà yẹn lórí ìka. Mi ò wò ó. Bí ẹnì kan bá máa dáṣọ fún ẹ, ti ọrùn ẹ̀ là ń wò, èmi ò wo ọrùn ẹnikẹ́ni, torí pé ojú mi wà lórí 10%.

Ẹ máa ní ẹ̀yin náà pàdánù. Ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ mú wọlé, ẹ ò pàdánù bákan náà. Ẹ yọ iye tí ẹ gbà lórí wọn kúrò ná, ká tó jọ sunkún.

Mo ti fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí jù sílẹ̀ kí CBEX tó ṣẹlẹ̀ ní April 2025. Wọ́n ní owó máa di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, owó wá há, àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn níbí, wọ́n ń gbé àga jáde. Ẹ fi wọ́n ṣe skit. Mo rẹ́rìn-ín sí méjì nínú ẹ̀ kí n tó rí ìyá kan nínú fídíò tó di àga oníke kan mú, tó ń wo ọ̀tún wo òsì bíi pé kò mọ ibi tó fẹ́ gbé e lọ. Mo pa fóònù. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn kan tí wọ́n polówó app tiwa ní 2024 ti ń polówó òmíràn. Ẹ̀rín músẹ́ kan náà, bio kan náà. Láti MMM tó ti owó àwọn èèyàn pa ní December 2016, orúkọ nìkan ló ń yí.

Òfin tuntun ti wà báyìí o, ISA 2025, tí ààrẹ buwọ́ lù ní March ọdún yẹn. Ìtanràn tí kò dín ní ₦20 mílíọ̀nù àti ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló wà níbẹ̀ fún Ponzi. Àmọ́ mi ò fi òfin dẹ́rù bà yín, òfin Nàìjíríà máa ń pẹ́ kó tó jí.

Ohun tí mò ń béèrè kéré síyẹn. Ṣí history ẹ. Wo iye tí referral gbé wá fún ẹ. Dá a padà fáwọn tó ni ín. Kì í ṣe gbogbo owó tí wọ́n pàdánù, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ẹ. Èyí tó wọ àpò ẹ ni. Títí dìgbà tó o bá ṣe é, má pe ara ẹ ní oníṣòwò lójú wa, àwa tá à ń fi ₦5, ₦10 kọ́ orúkọ tí ẹ ń bà jẹ́.

Èèyàn 14 ni mo mú wọlé. ₦2,300,000 ni gbogbo owó wọn, ₦230,000 ni tèmi níbẹ̀. Mo ti fi ra bàtà, mo ti fi jẹ ìrẹsì. Oṣù mẹ́jọ ni P2P gbà kí n tó rí i kó jọ padà. Mo ti san ₦205,000 fún èèyàn 12. Àwọn mẹ́ta bú mi lẹ́yìn tí wọ́n gbà á tán, wọ́n jàre. Àǹtí mi gba ₦45,000 tiwọn, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi ránṣẹ́ sólórí àjọ níṣojú mi, wọ́n ní kí n bá àwọn ká aṣọ wọlé torí òjò ń ṣú.

Ó ku ₦25,000. Baba oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá tó máa ń dúró ní Mọ́kọ́lá, nọ́ńbà yín ò lọ mọ́, ₦10,000 yín wà lọ́wọ́ mi. Corper tá a jọ pàdé ní Space, tó o ti pa account ẹ rẹ́, ₦15,000 nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n wá sí DM.