Igbákejì Kóòṣì Kì í Ṣe Ọmọ Ọ̀dọ̀

Nígbàkúùgbà tí ìdíje NUGA bá ti ń sún mọ́lé, orúkọ èèyàn méjì ló máa ń gba ẹnu wa kan nínú ọgbà: ti agbábọ́ọ̀lù tó mọ̀ ọ́n jù, àti ti kóòṣì àgbà. Ẹnì kẹta wà níbẹ̀ tí a kì í dárúkọ. Òun ló ń ṣí pápá láàárọ̀, òun ló ń ka bọ́ọ̀lù, òun ló ń gbé yìnyín lé ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tó ṣubú. Òun náà ló máa ń mọ̀ pé ọmọ kan kò tíì jẹun láti àná, tí yóò sì fi ọgbọ́n wá nǹkan fún un. Igbákejì kóòṣì ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la mú wá lónìí, pàápàá nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, nítorí pé ọ̀kan nínú àwa tí a ń kọ̀wé síbí fẹ́ fi iṣẹ́ náà jẹun bó bá jáde, àwọn òbí rẹ̀ sì ti bi í pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn.

Mẹ́ta nínú wa ló ti Kírìkírì wá. Ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ yẹn, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ń sọ sí yín lọ́kàn, ṣùgbọ́n àwa tí a gbé ibẹ̀ mọ tánkà epo tó ń tò sójú ọ̀nà ju wọ́dà lọ. Ládùúgbò wa, títí dé Olódì Apápá àti Àjẹ́gúnlẹ̀, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀. Ibẹ̀ ni Samson Siasia àti Odion Ighalo ti fi ẹsẹ̀ gbá a ní kékeré. Ọmọ tó bá ga jù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì já fáfá, ni wọ́n ń lé lọ sídìí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ẹni tó ń gbà á lálejò níbẹ̀ kì í ṣe kóòṣì ńlá kankan. Ẹ̀gbọ́n kan ni, tó fi súfèé há ọrùn.

Ẹ̀gbọ́n tí àwa mọ̀ ti ń ran ẹgbẹ́ yunifásítì kan lọ́wọ́ láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. A ò ní dárúkọ yunifásítì náà. Kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Owó ọkọ̀ ni wọ́n ń fún un, ó sì lè tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó rántí. Yóò gbé àpò bọ́ọ̀lù lé itan nínú dánfó, yóò jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títí dé Mile 2, yóò tún wọ ọkọ̀ mìíràn. Bí ẹgbẹ́ bá gba ife, kóòṣì àgbà ni yóò bá ọ̀gá àgbà yunifásítì ya fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n ni yóò máa kó aṣọ tó lẹ́gbin jọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí iṣẹ́ yìí ti lórúkọ. Lọ́dún 1967, Bill Guthridge di igbákejì Dean Smith ní Yunifásítì North Carolina ní Amẹ́ríkà. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ṣe igbákejì. Nígbà tí Smith fẹ̀yìn tì lọ́dún 1997, òun ni wọ́n fa ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́, ọdún mẹ́ta péré tó sì lò, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé wọn dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje àwọn yunifásítì ibẹ̀, ní 1998 àti 2000. Ọmọ tiwa kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ademola Okulaja, tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1975, tó sì dàgbà ní Berlin, gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ láti 1995 sí 1999. Igbákejì ni Guthridge ní ọdún méjì àkọ́kọ́ rẹ̀, olórí ni ní ọdún méjì tó kẹ́yìn. Okulaja yìí wà nínú ẹgbẹ́ Jámánì tó gba ipò kẹta lágbàáyé lọ́dún 2002. Ó ṣaláìsí ní 2022, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Lọ́dọ̀ wọn, igbákejì kan kò tó. Ọ̀kan á jókòó ti fídíò ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ bá pàdé, yóò wá sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni báyìí kì í lè fi ọwọ́ òsì ta bọ́ọ̀lù. Òmíràn á máa rìn kiri ilé ẹ̀kọ́ girama láti wá ọmọ tuntun. Láti oṣù keje ọdún 2023, NCAA tó ń ṣàkóso eré yunifásítì wọn gbà kí ẹgbẹ́ tó wà ní ìpele kìíní ní igbákejì 5. Mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀.

Ẹ má rò pé wẹ́rẹ́ ni wọ́n débẹ̀ o. Láti 1992, òfin NCAA kan sọ pé owó kóòṣì tó wà ní ipò ìsàlẹ̀ jù nínú ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju dọ́là 16,000 lọ lọ́dún. Àlàyé wọn ni pé àwọn fẹ́ dín ìnáwó kù, kí ọ̀dọ́ sì rí àyè wọlé kọ́ṣẹ́. Àwọn kóòṣì tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò kàn máa ráhùn nídìí pápá. Wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ. Adájọ́ dá wọn láre lọ́dún 1995, NCAA sì gbà láti san mílíọ̀nù 54.5 dọ́là fún wọn lọ́dún 1999. Àlàyé tí ilé ẹjọ́ kò gbà yẹn gan-an ni wọ́n ń fún ẹ̀gbọ́n wa: "Àǹfààní la fún ọ, lò ó." Àǹfààní ọdún mẹ́jọ!

Ẹ ó ní Amẹ́ríkà lówó, pé tẹlifíṣọ̀n ló ń gbọ́ bùkátà wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo Rena Wakama. Inú àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í kọrin fún ní ẹgbẹ́ obìnrin yunifásítì ní Amẹ́ríkà ni ó ti kọ́ṣẹ́ kí Nàìjíríà tó pè é lọ́dún 2023. Lọ́dún yẹn kan náà ló gba ife Áfíríkà ní Kigali, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí kóòṣì. Ní Paris lọ́dún 2024, ó kó D'Tigress dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú Òlíḿpíìkì, ibi tí ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, kò dé rí. Lẹ́yìn náà ló lọ ṣe igbákejì kóòṣì ní Chicago Sky. Ẹ tún un kà: lẹ́yìn Òlíḿpíìkì, igbákejì ló lọ ṣe, ojú kò sì tì í.

Nílé ńkọ́? Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ti di ìlú mọ̀ọ́ká kárí ayé, síbẹ̀ orúkọ tí àwọn èèyàn ń dá pé ó kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù náà lé e lọ́wọ́ kò ṣọ̀kan títí dòní. Àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn kì í ní ìwé tó gbè wọ́n lẹ́yìn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Pẹpẹ tí wọn kò gbé nǹkan kan lé ńkọ́? (A mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní igbákejì, tó jẹ́ pé nítorí oúnjẹ ni wọ́n ṣe ń bá bọ́ọ̀sì lọ sí NUGA. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni yóò já àwọn yẹn pẹ̀lú.)

A ò bèèrè dọ́là. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ẹ̀ka eré ìdárayá yunifásítì kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ igbákejì kóòṣì sílẹ̀, kí wọ́n fún un ní lẹ́tà tí iye owó rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò máa gbà á wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì rán an lọ gba ìwé ẹ̀rí ní National Institute for Sports. Inú Pápá Ìṣeré Súrùlérè ni ilé ẹ̀kọ́ yẹn wà, kò jìnnà sí Kírìkírì bí tánkà bá fún wa lọ́nà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ kú owó aṣọ eré tí ẹ ń dá lọ́dọọdún. Orúkọ sẹ́ẹ̀tì yín máa ń hàn dáadáa lẹ́yìn aṣọ náà. Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi kún ohun tí ẹ ó jíròrò: kí sẹ́ẹ̀tì kan gba owó oṣù igbákejì kóòṣì kan rù fún sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan péré. Aṣọ ti ọdún tó kọjá ṣì mọ́, àwa ni a fọ̀ ọ́.