Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ A Bá A Dákẹ́

Àwọn àgbà a máa pa òwe yìí fún aláìsàn tí ń fi àìsàn pamọ́ fún oníṣègùn, àti fún ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ tí ó káwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wo bí nǹkan ṣe ń lọ ní àwọn ilé iṣẹ́ wa, ó dá mi lójú pé ẹni tí ó bá wí jù lọ ni olórí tí àyípadà dé bá ilé iṣẹ́ rẹ̀, tí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, tí kò sì bá àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ sọ nǹkan kan.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, tí ó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà náà, kéde pé owó ìpìlẹ̀ tí báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní yóò kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, yóò di bílíọ̀nù 25, kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ni ó wà nígbà náà. Nígbà tí gbèdéke pé, 25 ni ó ṣẹ́kù. Ní Ìbàdàn mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, Co-operative Bank, ọmọ bíbí inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1953, pa pọ̀ mọ́ báńkì mẹ́rin mìíràn, wọ́n sì di Skye Bank.

Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ní báńkì yòówù kó jẹ́, ẹ wo kaṣíà kan tí ó jókòó sẹ́yìn káńtà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Inú ìwé ìròyìn ni ó ti kà á pé ilé iṣẹ́ òun yóò wọ inú òmíràn. Mánijà rẹ̀ wọlé, ó kí wọn kú àárọ̀, ó gba yàrá rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ìyá aláṣọ kan láti ọjà Gbági fi na ìwé owó sí i, tí ó rọra bi í pé, “Ọmọ mi, ṣé owó mi kò ní wọgbó ṣá?” Kaṣíà rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí kò ní èsì. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìyá ti gba owó rẹ̀ tán, ó sì ti sọ ọ́ fún àwọn tí ìsọ̀ wọn kángun sí tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ olórí tí ó dákẹ́ ṣe ń bá a dákẹ́ nìyí: oníbàárà ń lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ jù sì ni ó ń kọ́kọ́ tẹ̀ lé wọn, nítorí àwọn ni ilé iṣẹ́ mìíràn ń wá.

N kò sọ pé kí olórí tú gbogbo àṣírí síta; àdéhùn mìíràn wà tí òfin kò jẹ́ kí a tètè sọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí ó má wí pé, “Èyí ni mo mọ̀, èyí ni n kò tíì mọ̀, mo ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì”? Láyé àtijọ́, bí ọba bá ní ọ̀rọ̀ fún ìlú, akéde a máa lu agogo káàkiri àdúgbò, ìbáà jẹ́ ìròyìn tí kò dùn mọ́ni. Àìfinipeni, àìfèèyànpèèyàn, ní í mú ará oko sán bàǹtẹ́ wọ̀lú. Kí olórí ṣọ́ra fún ìlérí pẹ̀lú: bí ó bá búra pé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kò ní bọ́, tí iṣẹ́ wá bọ́, ẹyin lohùn, kò tún ní ẹnu tí yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ tún pàṣẹ pé kí owó ìpìlẹ̀ báńkì tí ń ṣòwò dé òkè òkun tó bílíọ̀nù 500 náírà, ó sì fi gbèdéke sí 31 oṣù Kẹta ọdún 2026. Irú àṣẹ báyìí kò ní tán nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ní báńkì nìkan. Nítorí náà, ẹ̀yin mánijà àti ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe àwọn ènìyàn yín jọ kí wọ́n tó gbọ́ ìròyìn àyípadà lóde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín ní ìbéèrè, kí ẹ má sì dìde níbẹ̀ títí ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pàápàá yóò fi sọ tirẹ̀.