Owó Oṣù ní Martinique: Ẹ Bi Í Pé Ta Ni Ń San Án

Bí ọmọ yín bá wá sọ fún yín pé òun ti rí iṣẹ́ ní Martinique, ẹ má tíì pa adìẹ. Erékùṣù ilẹ̀ Faransé ni, nínú òkun Karíbíánì. Àwa ará Benin kò ṣàì mọ orúkọ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n gbé Ọba Béhanzin lọ ní 1894, tí kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1906. Owó euro ni wọ́n ń ná. Euro kan ju 655 fáráǹ CFA lọ, nítorí náà bí ọmọ bá ṣírò owó oṣù náà sí owó tiwa, orí rẹ̀ á wú. Ìṣirò ti ọjà ni kò tíì ṣe.

Ní 2022, àwọn oníṣirò ìjọba fi ọjà ibẹ̀ wé ti ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀. Oúnjẹ fi nǹkan bí 40 nínú 100 wọ́n jù. Ohun tí ènìyàn ń fi euro 10 rà ní Faransé, 14 ni yóò fi rà á níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó wàrà, ìyẹ̀fun àti òróró gba orí òkun wá, ó tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Bó bá gúnlẹ̀, wọ́n á gba owó ibodè tí wọ́n ń pè ní octroi de mer, èyí tí àwọn ìlú ibẹ̀ fi ń ṣe ìṣàkóso. Àwọn oníṣòwò ńlá tó ń kó ọjà wọlé kò sì pọ̀, èrè tiwọn náà ń bẹ lórí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìdá 40 nínú 100 lé owó oṣù rẹ̀, nítorí ọ̀wọ́n ọjà yìí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ, ní ìsọ̀ tàbí lọ́dọ̀ akọ́lé, òfin kò fún un ní àfikún yẹn. Owó oṣù tó kéré jù lọ kò yàtọ̀ sí ti Paris, ọjà kan náà ni òun àti òṣìṣẹ́ ìjọba sì jọ ń ná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó ju oṣù kan lọ ní 2009, tí wọ́n sì tún tú jáde ní 2024. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò dín owó nǹkan bí 6,000 ọjà kù. Nítorí náà, ẹ bi ọmọ yín pé: ta ni yóò máa san owó rẹ?

Ọmọ tó bá mọ oúnjẹ sè yóò rọ́gbọ́n dá. Iṣu, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń hù níbẹ̀, àti èso igi kan tí wọ́n ń sè bí iṣu, fruit à pain ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n kó béèrè oko tí iṣu ti wá. Oògùn kòkòrò tí wọ́n fi sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí di 1993, chlordécone, ṣì wà nínú ilẹ̀ níbi púpọ̀, ó sì ń wọ inú iṣu àti kókò. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ilẹ̀ tó mọ́. Wọn yóò sọ fún un bó bá béèrè.